Iṣu Tí Kò Lórí

Òórùn ilẹ̀ tútù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa níta, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Inú ilé gan-an ló ti ń wá, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá, bí ẹni pé ẹnì kan wá kọ ebè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nígbà tí a sùn. Mo dìde lórí ẹní, mo rọra ṣí ilẹ̀kùn. Iṣu ni. Iṣu kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi. Òmíràn gùn tó ẹsẹ̀ mi, òmíràn rí róbótó, erùpẹ̀ pupa, erùpẹ̀ dúdú àti erùpẹ̀ oníyanrìn sì wà lára wọn. Màmá mi dúró láàárín wọn, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń wá ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ sí. Bó ṣe rí mi, kí n tó la ẹnu, ó ní, "Má tíì bi mí ní nǹkan kan o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọ̀nà dé ibi omi."

Oníbèérè ni wọ́n ń pè mí nílé. Mo lè bi ènìyàn ní ìdí tí ewúrẹ́ fi ń jẹ ìwé tí kò sì mọ̀wé. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, máa ń sọ pé, "Abèèrè kì í ṣìnà," á wá dá mi lóhùn. Màmá mi náà gbà pé abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó máa ń fi kún un pé ẹni tí wọ́n ń bi kò ní rí iṣẹ́ ṣe.

Òkè-Ìmẹ̀sí là ń gbé. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé òkè ló yí wa ká, bí etí àwo ṣe yí ọbẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n àwo tiwa ní ibi tó ti ya, ibẹ̀ sì ni omi ń gbà jáde. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ débi pé aṣọ ilé-ìwé wa kò gbẹ mọ́, a ń wọ̀ ọ́ ní tútù, tí gbogbo kíláàsì sì ń rùn bí ajá tó wẹ̀. Rédíò ní odò ti kún kọjá ààlà ní ọ̀pọ̀ ibi, ní ìpínlẹ̀ wa àti ní ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn. Èmi kò kà á sí, torí ní tèmi, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rédíò, inú rédíò náà ló ń parí sí. Àfi ìgbà tí àwọn ará Etídò gòkè wá bá wa.

Abà ni Etídò, ní ìsàlẹ̀, níbi tí odò ti yí kọ́nà kan. Omi wọ ibẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọlọ́run yọ wọ́n, omi náà kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó wó ilé amọ̀, ó gbé ewúrẹ́ àti adìẹ, ó sì fọ oko wọn mọ́ tónítóní bí ẹni fọ àwo. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń wọ̀lú. Ẹrù wà lórí wọn, ẹrẹ̀ dé ìbàdí wọn, wọn kò sì sunkún. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ yóò máa ké ni, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ń kí wa, "Ẹ kú ilé o, ẹ kúulé."

Wọ́n kó wọn sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, àwa sì bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé, tí ẹyẹ ń ṣu lé wa lórí. Àwọn àgbàlagbà inú wọn tí kò lè sùn sórí sìmẹ́ǹtì ni wọ́n pín sí àwọn ilé tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá fún wọn. Màmá mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nígbà náà, ilé wa sì ni gbogbo rẹ̀ wọlé sí. Àwọn ọlọ́kadà ń gbé iṣu wá láti oko lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ará ọjà fi ata àti epo ránṣẹ́. Iṣu ló pọ̀ jù, ẹ mọ̀ wá. Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Obìnrin kan tó gbé gàrí wá fi gèlè bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Láàárín gbogbo èyí, nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo dúró ti bàbá mi níbi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa bàtà rẹ̀, mo ní, "Bàbá, omi tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá tí òjò bá rọ̀, ilé ta ló ń lọ?" Ó ní ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ó ń lọ bá àwọn tó wà létí odò. Mo ní, "Ṣé àwọn náà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá?" Bàbá mi wo bàtà náà títí, ó wá ní kí n lọ fọ ẹsẹ̀ mi. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mi ò da omi ìwẹ̀ mi sójú títì mọ́. Ìdí ìbẹ́pẹ ni mò ń dà á sí, kó má bàa lọ bá wọn.

Tọkọtaya àgbàlagbà kan ló kan ilé wa, Bàbá Dáre àti ìyàwó rẹ̀. Dáre ni ọmọ wọn kan ṣoṣo tó kù láyé, Èkó ló sì ń gbé. Kò pẹ́ rárá tí Ìyá Dáre fi mọ́ wa lára. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ó ti mọ ibi tí gbogbo ìkòkò wa wà, ó sì ń bá màmá mi já òwú lára aṣọ tó bá rán tán. Ọkọ rẹ̀ ló ṣòro. Ó ga, ó gbẹ, ó máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń ṣe nǹkan kan tí kò jẹ́ kí n gbádùn.

Iṣu ló ń yẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣu wọlé, yóò dìde, yóò mú ọ̀kan, yóò dojú rẹ̀ sókè, yóò wá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀ yí po, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá ń wá ibi tó rọ̀ lórí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà yóò rọra gbé e sílẹ̀, yóò mú òmíràn. Nígbà tó bá yẹ̀ wọ́n wò tán, yóò padà sórí àpótí rẹ̀. Bí mo ṣe ń ti ilé-ìwé dé, èmi náà á jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, màá máa wò ó.

Mo ro ó títí. Mo kọ́kọ́ rò pé kòkòrò ló ń wá. Mo wá rò pé ó fẹ́ mọ ẹni tó ni iṣu kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi lábẹ́ igi máńgòrò ní tiwọn. Ọ̀kan ní ó ń wò ó bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Òmíràn búra pé àwọn ará etí odò máa ń bá iṣu sọ̀rọ̀, iṣu a sì máa dá wọn lóhùn. Èyí wù mí púpọ̀, débi pé mo gbé etí lé iṣu kan nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Kò sọ nǹkan kan, erùpẹ̀ ló wọ etí mi.

Àwọn àgbà náà ti ń kíyè sí i, ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe eré. Ìyá Kẹ́hìndé, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló fún wọn ní iṣu jù ní gbogbo àdúgbò. Àgbẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ní ọjọ́ kan ó gbé iṣu ńláńlá wá, Bàbá Dáre dìde, ó tẹ wọ́n lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé wọn sílẹ̀. Ó dúpẹ́ o, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pàápàá, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Kẹ́hìndé ti rí ojú rẹ̀ nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀. Ó wọlé bá màmá mi nínú ilé ìdáná, ó ní, "Kí lo rò pé a ṣe fún ọkùnrin yìí? Ó ń wo uṣu mi bí ẹni pé mo jí i gbé." Màmá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní òfò ló ṣe é. Ó wá yíjú sí mi, torí ó ti rí ẹnu mi tó ń mì. "Oníbèérè, o ò gbọdọ̀ bi bàbá yẹn ní nǹkan kan. Ẹni tí inú ń bà jẹ́, a kì í bi í léèrè bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń tù ú nínú, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ: "Bàbá, omi ló dànù, agbè kò fọ́." Òun náà á dáhùn pé, "Ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun." Lálẹ́, tí iyán bá délẹ̀, òkèlè díẹ̀ ni yóò mú.

Ọ̀rọ̀ Dáre wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti pè sórí fóònù bàbá mi, ó ní òun ń bọ̀ wá kó àwọn òbí òun lọ sí Èkó, kí ọjà ọdún Kérésìmesì tó dé. Ó ní wọn kò ní padà sí etí odò mọ́ láyé wọn, òun ti rí yàrá kan fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun. Ọmọ rere ni, gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Bàbá Dáre gbọ́ ọ, kò ní òun ń lọ, kò sì ní òun kò lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ tirẹ̀ fún màmá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó ní òun ti lọ sí Èkó rí, nígbà tí ìyàwó Dáre bímọ. Ó ní yàrá náà dára, fáànù wà níbẹ̀, àfi pé kò sí ilẹ̀ tí ènìyàn lè gbẹ́ kí ó gbin ewébẹ̀ sí. "Bàbá ẹ̀ á kú síbẹ̀," ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ. "Kò ní ṣàìsàn. Yóò kàn jókòó, yóò kú ni." Màmá mi ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń fọ àwo nítòsí, ẹ̀rù bà mí. Mi ò tíì gbọ́ ikú tó ń wá láti ara jíjókòó rí.

Bóyá ẹ̀rù yẹn ló sún mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo dé láti ilé-ìwé, màmá mi ti lọ fún ẹnì kan ní aṣọ rẹ̀. Bàbá Dáre dá wà lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú iṣu tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀. Ó ti mú ọ̀kan, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo rántí ohun tí màmá mi sọ, mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo wá ní, "Bàbá, kí lẹ ń wá lórí iṣu?"

Ó wò mí. Mo rò pé yóò bínú. Ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀lẹ kan ni mò ń wá. Ọ̀lẹ kan ṣoṣo, ní gbogbo ìlú yín."

Kò yé mi. Ó ní kí n jókòó, ó gbé iṣu náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó fi ìka mi sí ibi tí ọrùn rẹ̀ ti pin. Ojú ọ̀bẹ ni, ó tẹ́jú, ó ti gbẹ. "Ibí yìí ni wọ́n ti bẹ́ ẹ. Tí uṣu bá kọ́kọ́ gbó, a óò tú ẹ̀gbẹ́ ebè, a óò bẹ́ uṣu kúrò lábẹ́ erí rẹ̀, a óò wá dá ulẹ̀ padà bo erí náà pẹ̀lú okùn rẹ̀. Èyí tí a gbé wá sí ulé, jíjẹ ni. Erí tó kù nínú ebè, òun ni yóò so èbù tí a óò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bí àgbẹ̀ gidi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀lẹ nìkan ló máa ń wa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, terí tìdí. Ìlú yín kò lọ́lẹ. Mo ti wá a títí."

Orí ni àwọn àgbà wa ń pè ní erí. Mo ní kó gbin ìdí rẹ̀. Ó ní ìdí uṣu máa ń hù nígbà tó bá wù ú, òun kò sì ní ọdún tí òun yóò máa fi dúró dè é. Mo ní, kí ló dé tí kò sọ fún wọn? Ó gba iṣu náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Wọ́n ti gbà mí sí ulé, wọ́n ń fún mi ní uyán jẹ. Ṣé n tún wá ní kí wọ́n hú tàmọ́dún wọn fún mi?" Ó gbé iṣu náà sílẹ̀ sáàárín àwọn yòókù. "Gbogbo wọn ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Èbù ni agbè tèmi, ọmọ mi. Àgbẹ̀ tí kò ní èbù, kí ló ń padà lọ ṣe lóko? Èkó náà ló kù."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri ilé bí ẹni gbé omi gbígbóná. Mo mọ̀ pé ìyà ń bẹ níbẹ̀, torí mo ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe. Nígbà tí màmá mi dé, tó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀lẹ àti ìdí iṣu àti agbè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ta ló bi í?" Mo ní èmi ni. Kò gbá mi létí. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó dìde, ó sọdá títì láì wé gèlè, màmá mi tí kì í jáde sí ẹnu ọ̀nà láì wé gèlè.

Mo tẹ̀ lé e. Ìyá Kẹ́hìndé ń ṣa ewé gbọ̀rọ̀ lórí ẹní nígbà tí a wọlé. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "A mà ń gbé uṣu tí kò lérí fún ẹni tí omi gbé oko ẹ̀ lọ. Kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó." Ó tún un sọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́, mo sì rò pé ojú tì í pẹ̀lú, torí ohun tó ti sọ nínú ilé ìdáná. Màmá mi ní kò sí ẹ̀bi, èyí tó dára jù ni gbogbo wa mú wá. Òótọ́ ni. Bí ènìyàn ṣe ń wa iṣu láti ìgbà ìyá rẹ̀ ló ṣe wà á, ọwọ́ ló ṣe é, ọkàn kò sí níbẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà. Àwọn orí náà wà nínú ebè, a kò sì lè wú wọn àfi nígbà ọyẹ́, tí ewé bá ti gbẹ. Dáre yóò ti dé kó tó di ìgbà náà. Àwọn ìyá péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láàárín iṣu, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Ẹnì kan ní kí wọ́n sáà ṣèlérí fún un. Ìyá Kẹ́hìndé ní ìlérí kò ṣeé gbìn. Màmá mi ló wá ní, "Ohun tí a kò lè gbé fún un lónìí, ẹ jẹ́ ká fi hàn án."

Ó wo inú àpò àkísà rẹ̀, ó fa aṣọ ilé-ìwé mi àtijọ́ jáde, aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin-mẹ́rin, tó ti há mi. Ó ya á sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá lóko mú díẹ̀, ó lọ so ó mọ́ ọ̀pá ebè mélòó kan lóko rẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ pé èbù tó wà ní ìdí ọ̀pá wọ̀nyẹn, ti Etídò ni. Ìyá Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ so tirẹ̀, kò sì so ó mọ́ ebè kéékèèké. Nígbà tí ti Bàbá Dáre tó, àwọn ìyá tún ya ìró àtijọ́ fún àwọn ará Etídò yòókù, títí tí oko wa fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ọjọ́ ọdún.

Mo ń lọ wò ó lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó jọ mí lójú láti rí àpò aṣọ mi, èyí tí mo máa ń fi ẹ̀pà sí, lórí ọ̀pá iṣu ẹni tí mi ò mọ̀. Àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n rò pé ààlè tó le ni. Ọlọ́kadà kan láti ìlú mìíràn fẹ́ tọ̀ sétí oko Ìyá Kẹ́hìndé, ó rí aṣọ, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ dè, ó wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Olè kò wọ oko yẹn lọ́dún náà.

Bàbá Dáre ni wọn kò sọ fún títí wọ́n fi so ó tán. Ìyá Kẹ́hìndé ló wá mú un fúnra rẹ̀, èmi àti màmá mi sì bá wọn lọ. Nígbà tó dé ìdí ọ̀pá àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó kúnlẹ̀ ti ebè, ó fi ọwọ́ hú erùpẹ̀ díẹ̀, ó ti àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Erí ni." Ìyá Kẹ́hìndé ní, "Erí ni, Bàbá." Ó da erùpẹ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ń sunkún, òun tí kò sunkún nígbà tó ń ti inú omi bọ̀. Mo wo màmá mi láti bi í léèrè, omi ti kún ojú òun náà.

Dáre dé nínú ọkọ̀ aláwọ̀ eérú, ó kó bísíkíìtì wá fún mi. Ó ti bá àwọn òbí rẹ̀ ra bàtà tuntun fún ìrìn àjò náà. Bàbá rẹ̀ wọ bàtà tirẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá ní kí Dáre jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, ta ni yóò dá mi dúró? Ní oko àkọ́kọ́, bàbá na ọwọ́. "O rí ìyẹn? Tèmi ni. Ìyẹn náà, tèmi ni. Èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún náà." Dáre ní, "Bàbá, aṣọ ilé-ìwé ni mo rí." Bàbá rẹ̀ ní, "Ìdí rẹ̀ ni kó o wò." Wọ́n rìn láti oko dé oko, bàtà tuntun náà di ẹlẹ́rẹ̀, bàbá ń tọ́ka, ohùn rẹ̀ ń le sí i. Nígbà tí wọ́n padà délé, Dáre jókòó sórí àpótí ẹnu ọ̀nà. Ó wá bi bàbá mi léèrè ibi tí ilẹ̀ ti ga ní Etídò, tí omi kò lè dé. Òun nìkan ló padà sí Èkó. Páànù ló fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ètè gbogbo wa ń là, wọ́n wú èbù. Agbọ̀n lórí agbọ̀n ló sọ̀kalẹ̀ lọ sí Etídò, àwọn ọlọ́kadà kan náà ló tún gbé e. Ìyá Dáre fi ara mọ́ màmá mi títí tí wọ́n fi ní kó wá gun ọ̀kadà. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún màmá mi pé ọmọ rẹ̀ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́, ó ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Màmá mi ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Mi ò rò pé mo tún gbọ́ ìyìn tó dùn tó ìyẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Dáre gun òkè wá pẹ̀lú iṣu kan ṣoṣo, tó fi ewé wé. Ó gbé e lé màmá mi lọ́wọ́, ó ní kí ó wo òkè rẹ̀. Orí wà níbẹ̀, odidi, okùn rẹ̀ sì tún wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ gidi náà ti ṣe bí ọ̀lẹ nítorí tiwa. A jẹ iṣu náà. Orí rẹ̀, màmá mi tó jẹ́ aránṣọ, tí kò gbin nǹkan kan rí, gbìn ín sí ìdí ìbẹ́pẹ, níbi tí mo ti ń da omi ìwẹ̀ mi sí.

Adó ni mo ń gbé báyìí. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ, mo sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí omi tún wọ àwọn abúlé kan lóṣù tó kọjá, kíá la gbéra. A dá owó lórí WhatsApp, a ra ìrẹsì àti Indomie, a tẹ báńà tí orúkọ ìjọ hàn lórí rẹ̀ gàdàgbà. Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Èmi kì í fi àkókò ṣòfò, wọ́n sì máa ń yìn mí fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Thursday, mo fẹ́ se iṣu, mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, mò ń bá akọ̀wé wa sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù. Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ máa ń wá lórí iṣu?" Mi ò mọ̀ pé mo ń ṣe é. Mo wo ọwọ́ mi, àtàǹpàkò mi wà lọ́rùn iṣu náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ yí po. Mo ní, "Jọ̀ọ́, gbé ọ̀bẹ yẹn fún mi, mò ń sọ̀rọ̀." Ó gbé ọ̀bẹ fún mi, kò sì bi mí mọ́. Bó ṣe tètè dákẹ́ yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Èmi kò tètè dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo bi akọ̀wé léèrè pé, "Àwọn ènìyàn abúlé yẹn, ta ló ti bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń pinnu rẹ̀ nígbà gbogbo, mà." Mo sọ fún un pé a óò tún sọ̀rọ̀, mo pa fóònù. Mo fa àpótí fún ọmọ mi, mo gbé iṣu lé e lẹ́sẹ̀, mo fi ìka rẹ̀ sí ibi tí ọrùn rẹ̀ ti pin. Ó wá a yí ká. Ó ní, "Kò lórí. Níbo ni orí rẹ̀ wà?" Ọjà ni mo ti rà á, mi ò mọ oko tó ti wá, mi ò sì mọ ebè tí orí náà wà. Mo sọ ìtàn yìí fún un dípò rẹ̀, ebi sì pa gbogbo ilé kí n tó gbé ìkòkò kaná.

Ní Sátidé, kí ọkọ̀ tó gbéra, mo mú ọmọ mi dání. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń mú ọmọdé lọ, ìbéèrè rẹ̀ á pọ̀ jù. Mo ní ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tó ń bá wa lọ ṣe, torí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ti dàgbà, ó ti di alága.